Orúkọ Ẹ̀gbọ́n Mi Ni Mo Fi Ń Gbọ́ Orin

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ó ń lọ sí ọdún mẹ́rin báyìí tí ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun bí eegun ẹja. Ìyàwó mi kò mọ̀. Pásítọ̀ wa kò mọ̀. Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí ni pé ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, wọ́n kéde ìgbéyàwó kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Bí mo ṣe jókòó níbẹ̀, mo mọ̀ pé kò yẹ kó jẹ́ obìnrin yẹn ni wọ́n ń kéde orúkọ rẹ̀. Èmi ni mo fà á.

Télọ̀ ni mí. Iwájú ilé tí a ń gbé ní Ungwan Boro, níbí ní Kàdúná, ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ará Ìsánlú ni wá, ní ìpínlẹ̀ Kogí, ṣùgbọ́n Kàdúná ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ méjì péré ni ìyá wa bí. Káyọ̀dé ni ẹ̀gbọ́n mi, èmi Ṣẹ́gun ni àbúrò. Tíṣà ìṣirò ni ẹ̀gbọ́n mi, ilé ìwé kan ní Kudenda ló ti ń kọ́ni. Òun ló mú mi lọ sẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí mi ò ṣe dáadáa nílé ìwé. Òun ló sọ fún bàbá wa pé kí wọ́n má nà mí mọ́, pé ọwọ́ mi mọ nǹkan í ṣe.

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn orin púpọ̀, àwọn orin onígìtá àtijọ́ tí bàbá wa máa ń gbọ́ lórí rédíò. Nígbà tí fóònù ìgbàlódé dé ọwọ́ wa, òun ló rí áàpù kan tí wọ́n fi ń gbọ́ orin. Ó fi sí fóònù tirẹ̀, ó fi sí ti ìyàwó rẹ̀, ó fi sí tèmi, ó sì so àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Bí ẹnì kan nínú wa bá ń gbọ́ orin, orúkọ rẹ̀ àti orin náà á hàn lójú fóònù àwọn méjì yòókù. Mo lè wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, kí n rí i pé ẹ̀gbọ́n mi ń gbọ́ orin kan ní Kudenda, èmi náà á sì fi orin yẹn sí i. A ò pe ara wa o, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé a jọ jókòó.

Orúkọ tèmi kò hàn dáadáa nínú áàpù náà. Nọ́ńbà àti lẹ́tà tí kò nítumọ̀ ni wọ́n kọ síbi tó yẹ kí orúkọ mi wà, mi ò sì bìkítà. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Ìwọ ẹlẹ́wọ̀n yìí, lọ tún orúkọ rẹ ṣe."

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á. Ó ṣubú lulẹ̀ nínú kíláàsì lọ́jọ́ Ajé kan, kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ó ti lọ. Fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fọ́, kò sì tàn mọ́.

Ní bí oṣù méjì lẹ́yìn tí a sin ín, òjò ń rọ̀, kò sí oníbàárà. Mo ṣí áàpù náà, mò ń wá orúkọ rẹ̀. Kò sí níbẹ̀, nítorí ẹni tó bá ń gbọ́ orin nìkan ni wọ́n máa ń gbé jáde. Mo wá wọ ibi tí èèyàn ti lè tún orúkọ ara rẹ̀ ṣe. Mo pa àwọn nọ́ńbà yẹn rẹ́. Mo fẹ́ kọ Ṣẹ́gun, ṣùgbọ́n Káyọ̀dé ni mo kọ. Kì í ṣe àṣìṣe ọwọ́. Mo kàn fẹ́ tún rí orúkọ yẹn pẹ̀lú orin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni. Gbogbo rẹ̀ kò gbà mí ní ìṣẹ́jú kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, mo rò pé èmi nìkan ni màá rí i. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kò gbọ́ orin kankan mọ́ látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Mo rò pé ó ti yọ áàpù náà kúrò.

Màmá Tósìn là ń pe ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ní Gonin Gora, ilé tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́ síbẹ̀ ló ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn obìnrin méjì. Ọmọ kékeré ni mí nígbà tí wọ́n gbé e wálé, "Ọkọ mi kékeré" ló sì ń pè mí láti ìgbà yẹn títí di òní.

Ọjọ́ kẹta tí mo yí orúkọ náà padà, ó pè mí.

"Ọkọ mi kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń lo fóònù ẹ̀gbọ́n yín?"

Mo ní, "Ṣebí ó ti fọ́. Ṣebí ọ̀dọ̀ yín ló wà."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó ni, ó wà nínú àpótí. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ń gbọ́ orin. Ṣé ẹ̀yin kọ́?"

Ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ òtítọ́. Ojú ló tì mí. Mo ronú pé yóò bi mí pé kí ni mò ń fi orúkọ òkú ṣe. Mo ní, "Rárá. Mo ti yọ tèmi kúrò tipẹ́tipẹ́."

Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ tí mi ò lè gbàgbé. Ó ní, "Mo mọ̀ pé òkú kì í gbọ́ orin. Ẹ̀rọ ló ń ṣe àṣìṣe. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò fẹ́ kí wọ́n tún un ṣe."

Bí mo ṣe kó sínú rẹ̀ nìyẹn. Bí mo bá kọ orúkọ ara mi síbẹ̀, orúkọ Ṣẹ́gun ni yóò jáde síbi tí Káyọ̀dé wà, pẹ̀lú orin kan náà. Lójú ẹsẹ̀ ni yóò mọ̀. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, tí a bá jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, yóò sún mọ́ mi, yóò rọra sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n yín gbádùn lánàá o, àárọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀." Ó ti ń jẹun. Ó tún ti ń di irun. Mo sọ fún ara mi pé oore ni mò ń ṣe.

Ṣùgbọ́n mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ra. Mi ò gbọ́ orin tuntun tí èmi fẹ́ràn mọ́, àfi èyí tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn. Mo máa ń ronú pé, kí ni ì bá gbọ́ ní irú àárọ̀ báyìí? Mo rò pé ibẹ̀ ni ọ̀fọ̀ mi ti parí, tí ẹ̀tàn sì bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn bí ọdún méjì, Díákónì Bámidélé, ti ṣọ́ọ̀ṣì wa, bẹ̀rẹ̀ sí í yà sí ọ̀dọ̀ Màmá Tósìn. Ìyàwó tirẹ̀ náà ti kú. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, òṣìṣẹ́ ìjọba, kì í pariwo. Mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi ti wà lábẹ́ igi dogoyaro látìgbà tó ti kú, nítorí ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n wà. Díákónì ló tún un ṣe, òun ló sì ń kọ́ ọ ní orí pápá ilé ìwé wọn ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Mo bá wọn níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Mọ́tò náà ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́, Màmá Tósìn sì ń rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Tósìn, tó máa ń fi Hausa dáhùn tí a bá bá a sọ Yorùbá, wo Díákónì, ó ní, "Yana da kirki," pé èèyàn dáadáa ni.

Kò pẹ́ tí Díákónì fi ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ. Màmá Tósìn sọ fún mi. Ó ní, "Ẹ̀yin lọkọ tó kù fún mi ní ìlú yìí. Kí lẹ rí sí i?"

Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mo fẹ́ ṣú u lópó. Rárá o. Mo níyàwó, mo sì bímọ. Ohun tó ń ṣe mí ni pé mi ò fẹ́ kí ọkùnrin mìíràn jókòó sórí àga ẹ̀gbọ́n mi. Bí obìnrin yìí bá lọ sílé Díákónì, kò ní sí ẹni tí màá tún bá sọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi bíi pé ó ṣì wà. Ohun tí mo rò nìyẹn. Ti ara mi nìkan ni mo rò.

Mo pa áàpù náà dé. Mo ní mo fẹ́ kí orúkọ náà pòórá díẹ̀díẹ̀, kí obìnrin náà lè ráyè fẹ́ ọkọ. Irọ́ ni mò ń pa fún ara mi. Mo mọ̀ pé yóò rí i pé ó dákẹ́. Mo sì mọ ìtumọ̀ tí yóò fún un.

Ọjọ́ kẹjọ ló wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Kẹ̀kẹ́ Nápẹ́ẹ̀pù ló wọ̀, àwọn sójà dá wọn dúró pẹ́ lójú ọ̀nà, eruku ti bo bàtà rẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà.

Ó ní, "Ó ti dákẹ́. Láti ọjọ́ tí mo ti sọ fún Díákónì pé kó fún mi láyè kí n rò ó, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ọkọ mi kékeré, ṣé ẹ rò pé inú ẹ̀gbọ́n yín ò dùn sí i?"

Sísọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ mi. Fóònù mi wà lórí tábìlì láàárín wa, orúkọ náà sì wà nínú rẹ̀. Bí mo bá ti sọ pé èmi ni, ọ̀rọ̀ ì bá parí lọ́jọ́ náà. Yóò bínú, yóò sunkún, ṣùgbọ́n yóò fẹ́ ọkọ.

Mo ní, "Ìyàwó wa, ẹ̀yin lẹ mọ ọkọ yín jù mí lọ."

Ó mi orí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ó sọ fún Díákónì pé òun ò lè fẹ́ ẹ. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́, mo ṣí áàpù náà, mo wá orin tí òun àti ẹ̀gbọ́n mi fi jó lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, mo fi sí i. Èyí ni mo ka sí ẹ̀ṣẹ̀ mi gan-an. Kí ó tó di ọ̀sán, ó tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ohun tó kọ kò ju, "Ó ti padà," lọ. Mo jókòó ti aṣọ tó wà níwájú mi, mi ò lè gé e.

Díákónì dúró fún ọdún kan ó lé, bóyá Màmá Tósìn yóò yí ọkàn padà. Kò yọ ọ́ lẹ́nu. Mọ́tò náà padà sábẹ́ dogoyaro, táyà rẹ̀ ti jò. Àwọn ọmọ méjèèjì ti wọ yunifásítì báyìí, wọn kì í sí nílé. Ìyá wọn nìkan ló wà nínú ilé ńlá yẹn, pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí mo sọ, wọ́n kéde Díákónì àti obìnrin mìíràn. Màmá Tósìn jókòó láàárín èmi àti ìyàwó mi. Ó ṣe àmín ketekete. Nígbà tí a jáde, ìyàwó mi di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Sai haƙuri, Màmá Tósìn," pé kó ṣe sùúrù.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kí ni ẹ ń bẹ̀ mí sí? Èmi ti lọ́kọ tèmi." Ó wá yíjú sí mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé ẹ tiẹ̀ ti kíyè sí i? Kì í gbọ́ orin tí ìsìn bá ń lọ. Kò sí ọjọ́ Ìsinmi kan tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n yín ṣì ń bọ̀wọ̀ fún Ọlọ́run."

Ẹ̀yin ará, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo ti máa ń jókòó ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi wọ̀nyẹn.

Láti ọjọ́ náà, mi ò tíì ṣí áàpù yẹn. Lọ́jọ́rú, mo lọ sí Gonin Gora láti jẹ́wọ́. Ó gbé oúnjẹ fún mi, ó bi mí nípa àwọn ọmọ mi, mo jẹun, mo sì padà sílé.

Láàárọ̀ òní ló fi ohùn ránṣẹ́ sí fóònù mi. Ó ní, "Ọkọ mi kékeré, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n yín ti tún dákẹ́. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe lọ́tẹ̀ yìí. Kò sí ọkùnrin kankan lọ́dọ̀ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

Mi ò tíì fèsì. Bí mo bá sọ fún un, ọkọ rẹ̀ yóò kú lẹ́ẹ̀kejì, èmi ni màá sì pa á. Bí mi ò bá sọ, yóò máa wá ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá kiri inú ilé yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà jù mí lọ, ẹ̀yin opó tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ sọ fún mi bí ẹ bá wà nípò rẹ̀, ẹnu ta lẹ máa fẹ́ ti gbọ́ ọ, báwo sì ni kí ẹni náà ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó ń dúró de èsì mi.