Irọ́ Tí Mo Pa fún Alhájì Lórí Níkẹ́lì Kan

Wọ́n gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi láì bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kan.

Mo fi èyí ṣáájú, ẹ̀yin òǹkàwé, nítorí mo mọ̀ pé bí ẹ bá ka ìyókù tán, èmi lẹ máa pè ní ìkà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é.

Ọkùnrin mẹ́rin ló jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, ní pálọ̀ Alhájì kan ní Oxon Hill, lókè òkun níbí. Àgbà mọ́sáláṣí wa ni Alhájì yìí, òun ló sì darí ìjókòó náà. Ọkọ mi rojọ́ fún wọn pé iṣẹ́ báǹkì ti gbà mí lọ́kàn, pé mi ò ráyè ọmọ. Wọ́n gbà á láyè kó mú Jàmíù, ọmọ ọdún mẹ́fà, lọ fún ìyá ọkọ mi ní Ìsẹ́yìn. Wọn ò ránṣẹ́ pè mí. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi ní títẹ́, òun àti bàbá rẹ̀ sì ti wà nínú ọkọ̀ òfuurufú.

Mo lọ bá Alhájì. Ó ní kí n jókòó, ó ní kí wọ́n fún mi lómi mu. Ó wá sọ pé, "Ìyá Jàmíù, ọmọ ò sọnù. Ilé ló lọ."

Gbogbo àlàyé tí mo rí gbà nìyẹn. Mo kàwé gboyè ní yunifásítì, mo mọ ohun tó ń jẹ́ ẹ̀tọ́, ṣùgbọ́n orúkọ ọkọ mi ni pépà ìgbélùú mi rọ̀ mọ́. Ta ni mo fẹ́ pè lẹ́jọ́?

Kántà báǹkì kan ní Temple Hills ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ sígbà náà, Alhájì bẹ̀rẹ̀ sí í wá sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Jímọ̀, tí wọ́n bá ti kírun tán. Owó onírin sẹ́ǹtì márùn-ún tí wọ́n ń pè ní níkẹ́lì ló máa ń wá gbà, èyí tí wọ́n fi bébà yí ní ìdì ìdì. Ó ti fẹ̀yìn tì nínú bọ́ọ̀sì wíwà, ó sì ti sọ ṣíṣa níkẹ́lì àtijọ́ di iṣẹ́. Á kó ìdì lọ sílé, á tú u, á fi awò wo ọdún tó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Á yọ èyí tó bá wù ú, á tún fi bébà yí ìyókù, á dá a padà fún wa, á sì gba òmíràn. Ó ní páálí kan tí wọ́n lu ihò sí, ihò kan fún níkẹ́lì kan. Gbogbo ihò ti kún àyàfi ẹyọ kan: ti ọdún 1950, tí lẹ́tà D kékeré, àmì ibi tí wọ́n ti rọ ọ́, wà lẹ́yìn rẹ̀, tó sì ṣọ̀wọ́n.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé ojú òun ń kú lọ. Dókítà ti ní kò ní pẹ́ tí kò fi ní lè ka nǹkan mọ́. Ó fẹ́ kí ihò yẹn kún kí ilẹ̀ tó ṣú bá òun.

Mo gbọ́. Mo sì mọ ibi tí mo ti máa mú un.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ eléyìí. Níkẹ́lì tó bá ti wò tán, tó sì dá padà, mi ò kó o mọ́ tàwọn yòókù. Abẹ́ kántà ni mò ń tò ó sí. Bó bá di Jímọ̀ mìíràn, òun náà ni màá kó fún un. Á gbé e lọ, á tún jókòó tì í, á tún máa ṣẹ́jú wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ti wò tẹ́lẹ̀ ló ń wò. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Ìyókù ojú tó kù fún un, èmi ni mo bá a ná an.

Ó máa ń ṣàwàdà. "Ìyá Jàmíù, àwọn arúgbó inú wọn ni kí o kó fún mi o, àwọn ọmọdé yìí ti sú mi." Màá rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa ní kántà ló máa ń rẹ́rìn-ín sí i.

Orúkọ ọmọ mi ló fi ń pè mí ní gbogbo ìgbà tó bá wá, kò sì fìgbà kan béèrè pé Jàmíù ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ le, ṣé mo gbóhùn rẹ̀. Mò ń retí rẹ̀. Mo fi Ọlọ́run búra, ká ní ó béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìdì tuntun ni ǹ bá kó fún un lọ́jọ́ náà.

Kò béèrè.

Lọ́jọ́ kan tí mo lọ jẹun ọ̀sán, ẹlẹgbẹ́ mi kan tí kò mọ nǹkan kan kó ìdì tuntun fún un. Nígbà tí mo padà dé, Alhájì jókòó sórí àga ẹnu ọ̀nà, ó ń dúró de ẹni tó máa wá fi mọ́tò gbé e. Ó ti tú ìdì kan sínú fìlà rẹ̀. Bó ṣe gbọ́ ohùn mi, ó dìde, ó ń táràrà bọ̀, ó na níkẹ́lì kan sí mi.

"Bá mi wò ó, ọmọ mi. Ṣé fífítì ni mo rí yìí, àbí ojú mi ló ń tàn mí?"

Mo wò ó. 1950 ni. Mo yí i padà. D wà níbẹ̀, kedere.

"Fífítì-náìnì ni, Alhájì."

"O wò ó dáadáa?"

"Mo wò ó dáadáa, sà."

Ó ní kò burú. Ó kó ìyókù fún mi pé kí n bá òun dá wọn padà, ó ti rẹ òun. Obìnrin tó kàn lórí ìlà ni mo fi níkẹ́lì náà ṣe ṣéńjì fún. Ó sọ ọ́ sínú pọ́ọ̀sì rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Inú mi dùn. Mi ò ní purọ́ fún yín: inú mi dùn gan-an.

Alhájì kò wá mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ní báyìí, kò ríran rárá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń fà á lọ́wọ́ wá sí mọ́sáláṣí. Jàmíù ní tirẹ̀ ti ń pe ìyá bàbá rẹ̀ ní Mọ́mì. Káàdì tẹlifóònù ni mò ń rà léraléra láti fi pè é, wọ́n á ní ó ń ṣeré níta.

Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ nísinsìnyí ni pé, ní Jímọ̀ tó kọjá, Alhájì ní kí gbogbo ìjọ bá òun ṣàdúà fún mi. Ó ní nígbà tí ojú òun ń lọ, èmi ni mo fi ojú mi ran òun lọ́wọ́. Wọ́n ṣe àmín. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó bá a jókòó lọ́jọ́sí náà ṣe àmín. Ìyá Jàmíù ni wọ́n ń pè mí nínú àdúà náà. Kò sẹ́ni tó ṣàdúà fún Jàmíù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, ṣé kí n lọ sọ fún un? Ọ̀pọ̀ yín á ní kí n lọ kúnlẹ̀. Màá kúnlẹ̀. Ohun tí mo ṣe burú, mo mọ bó ṣe burú tó, mi ò sì ní kí ẹ fojú kéré wò ó. Ṣùgbọ́n mi ò ní kúnlẹ̀ kí wọ́n tó dáhùn.

Alhájì, mo mọ̀ pé wọ́n á ka èyí sí yín létí. Ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ta ló fún yín láṣẹ lórí ọmọ mi? Mo wà ní Temple Hills lọ́jọ́ yẹn, kò jìnnà sí pálọ̀ yín. Kí ló dé tí ẹ ò pè mí? Ọjọ́ wo lẹ máa dá Jàmíù padà fún mi?

Ẹ dá mi lóhùn.