Orúkọ Tí Mo Pa Rẹ́ Nínú Búùtù Bàbá

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi kí ẹ tó bú mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà òtútù tó kọjá. Mi ò sọ fún ìyá mi, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni ní mọ́ṣáláṣí wa. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí àlejò kan ń bọ̀ láti Australia lọ́jọ́ Sátidé. Ohun tó ń bọ̀ wá wò, èmi ni mo bà á jẹ́.

Bramalea ní Canada là ń gbé. Mo máa ń ṣe èékánná fún àwọn obìnrin nínú ilé. Ọkọ mi ń ṣe panel beater ní Malton. Ibẹ̀ ló ti pàdé bàbá òyìnbó kan, ọmọ Australia, tó ń gbé ní Georgetown. Bàbá yìí fi mọ́tò sáré ìdíje nígbà èwe rẹ̀, nígbà tó sì ń bọ̀ ní Canada, ó fi ọkọ̀ ojú omi gbé mọ́tò náà wá.

Ọwọ́ ọ̀tún ni steering rẹ̀ wà. Ilẹ̀kùn mẹ́rin ló ní, ẹ ó rò pé mọ́tò tí wọ́n fi ń gbé ọmọ lọ sí school ni, àfi tí wọ́n bá ṣáná sí i, tí engine V8 yẹn bá bú. Bàbá ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ àwọn nìyẹn: irú mọ́tò tí ará àdúgbò lè lọ rà ni wọ́n fi ń sáré.

Nínú ìdérí búùtù rẹ̀, òun àti àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ ń sáré fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà funfun kọ orúkọ wọn síbẹ̀. Àwọn mẹ́ta yẹn ti kú. Bàbá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kun ibẹ̀. Ọkọ mi nìkan ló fún ní kọ́kọ́rọ́ gáráàjì.

Ọjọ́ tí mo bí Fárídà, ọkọ mi ní òun ní shift, wọn kì í sì í jẹ́ káwọn mú fóònù wọlé. Ìrọbí mú mi. Mo pè é títí, kò gbé e. Taxi ló gbé mi dé hospital. Ọwọ́ nọ́ọ̀sì tí mi ò mọ̀ rí ni mo dì mú. Nígbà tó dé, ọmọ ti wà láyà mi. Ó ní supervisor ni kò jẹ́ kí òun tètè mọ̀. Mo gbà á gbọ́. Èmi gan-an ni mo tún ń tù ú nínú.

Nígbà tí òtútù dé, Bàbá ní ká wá jẹun ní Georgetown. Ó mú fọ́tò kan jáde fún mi. Ọkọ mi ni, nínú mọ́tò yẹn, ní pápá ìsáré, eyín rẹ̀ funfun báláú.

Bàbá ní, "Love, ọjọ́ tí ọmọ yìí dé ni. Ò ń pè é nígbà tó kù díẹ̀ kó kàn án láti wa mọ́tò. Mo ní, 'Mate, máa lọ.' Ó ní kí n jẹ́ kí òun yí pápá po lẹ́ẹ̀kan péré, pé àkọ́bí kì í tètè dé."

Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó rò pé mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Ọkọ mi wà ní kitchen, ó ń fọ abọ́, kò gbọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ó rí i pé mò ń pè. Ó rí i.

Mo ní mo fẹ́ lọ pààrọ̀ ìlédìí ọmọ, mo sì gba gáráàjì lọ. Acetone tí mo fi ń yọ ọ̀dà èékánná wà nínú báàgì mi. Mo ṣí búùtù. Wipes ọmọ mi ni mo fi nu orúkọ wọ̀nyẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ibẹ̀ fi mọ́. Mi ò sunkún. Mo kàn ń sọ lábẹ́ ẹnu pé, "Yí i po. Máa yí i po."

Nígbà tí Bàbá rí i, ọkọ mi rò pé òun ni. Ó ti fi polish tuntun kan nu inú búùtù náà lọ́sẹ̀ yẹn. Ó dọ̀bálẹ̀ fún òyìnbó. Bàbá ní kó dìde, ó sì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ mi dé ilé, ó sunkún bí ọmọdé. Mo jókòó tì í, inú mi sì dùn díẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín. Ọjọ́ tí mo bímọ, kò sunkún.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò bọ́ lára rẹ̀ títí di òní. Níbi iṣẹ́ gan-an, ẹlòmíràn ló máa ń ní kó bá òun nu mọ́tò oníbàárà.

Àlejò tó ń bọ̀ yìí, ọmọbìnrin ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó kú ni. Kò gbọ́njú mọ bàbá tó bí i. Bàbá kò tíì lè sọ fún un pé orúkọ náà ti parẹ́. Ó pè mí lórí fóònù, ó ní, "Jọ̀ọ́, love, wá dúró tì mí. Ìwọ lo máa mọ bí a ṣe ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí." Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, sà, mo ń bọ̀."

Ọkùnrin yìí kò ṣe mí ní nǹkan kan. Òun nìkan ló sọ òtítọ́ fún mi, lára rẹ̀ ni mo sì ti gbẹ̀san.

Mo máa jẹ́wọ́ fún un kí Sátidé tó pé. Mi ò lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin yẹn kí á jọ máa wo ibi tí mo nù mọ́. Ṣùgbọ́n tí Bàbá bá gbọ́, ọkọ mi á gbọ́, á sì mọ̀ pé mo ti mọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí kí ilé mi má tú. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n kọ́kọ́ sọ fún ọkọ mi ni?

Ó ti bẹ Bàbá títí fún ohun tí kò ṣe. Èyí tó ṣe sí mi, kò tíì bẹ̀ mí. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ẹni tó jẹ̀bi tó báyìí, ṣé ó ṣì lè ní kí wọ́n bẹ òun?