Èsì Mórẹ́nikẹ́ tí Mo Fi Pamọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Láti ìgbà tí SAP, ètò ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Mi ò sọ ọ́ fún ìyá mi títí ó fi kú, mi ò sọ ọ́ fún wòlíì ìjọ wa. Ṣùgbọ́n Mórẹ́nikẹ́ wá kí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ò ti lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́.

Èmi àti Mórẹ́nikẹ́ jọ kọ́ṣẹ́ télọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ ni. Ọ̀rẹ́ mi ni. Ó rẹwà jù mí lọ, mo mọ̀. Tí oníbàárà bá wọlé, òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ kí. Mo máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí.

Káyọ̀dé ń tún rédíò ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́. Tó bá ti wá sọ́jà ní Ọ̀yọ́, á yà sí ṣọ́ọ̀bù wa. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tèmi ló máa ń dúró sí, èmi ló ń bá ṣàwàdà. Bí Mórẹ́nikẹ́ bá sọ̀rọ̀, ńṣe ló máa ń wolẹ̀. Kí ni ẹ̀yin náà ì bá rò? Mo ní Ọlọ́run ti rántí tèmi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lé tìróò.

Lọ́jọ́ kan ó pè mí sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Bùnmi, jọ̀ọ́, bá mi ṣe alárinà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ ẹ. Mi ò lè wò ó lójú rárá."

Owú jẹ mí bí ìgbà tí ata bá ta síni lójú. Síbẹ̀ mo gbà.

Mo jíṣẹ́ fún Mórẹ́nikẹ́. Ẹ sì mọ̀ pé nígbà náà, ọmọbìnrin tí wọ́n tọ́ dáadáa kì í fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun gbà. Alárinà ló máa wo ìṣesí rẹ̀, tó máa lọ sọ ohun tó rí. Mórẹ́nikẹ́ dorí kodò. Ó fi òwú sẹ́nu, ó ń rún un. Ó ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ha ilẹ̀. "Mi ò mọ̀ o," ló wí, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kò ní mọ̀ pé ó ti gbà?

Nígbà tí Káyọ̀dé dé, mo sọ fún un pé Mórẹ́nikẹ́ pòṣé, ó sì kẹ̀yìn sí mi kí n tó sọ̀rọ̀ tán.

Ó ní, "Kò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀?"

"Rárá o. Ojú ẹ̀ le koko."

Kò yà sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Èmi ni mò ń lọ pàdé rẹ̀ ní gáréèjì, tí mò ń tù ú nínú. Mo sọ fún Mórẹ́nikẹ́ pé Káyọ̀dé kò sọ nǹkan kan mọ́. Kí ọdún náà tó parí, èmi ni àwọn ẹbí Káyọ̀dé wá tọrọ.

Mo ti bí ọmọ mẹ́rin fún un ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo rí ọkọ, mi ò rí ìfọ̀kànbalẹ̀. Títí dòní, bí ẹnì kan bá dárúkọ Mórẹ́nikẹ́, ojú ọkọ mi ni mò ń wò.

Torí pé ara ọkọ mi ò yá ni Mórẹ́nikẹ́ ṣe wá kí i lọ́sẹ̀ tó kọjá. Nígbà tó sùn lọ, àwa méjèèjì jókòó ní kíṣìnì. Ó ní, "Bùnmi, mo retí ọkọ ẹ nígbà yẹn o. Mo kọ ọkùnrin méjì nítorí ẹ̀. Mo rò pé ó kàn fi mí ṣeré ni. Ṣùgbọ́n mo ti dárí jì í tipẹ́."

Ọkọ mi ló dárí jì, ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Èmi ló dì mọ́ra, ó ní kí n máa tọ́jú ẹ̀ dáadáa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo fẹ́ kí Mórẹ́nikẹ́ dárí jì mí. Ṣùgbọ́n kí Ọlọ́run má bínú, mi ò fẹ́ dá ọkọ náà padà.