Mo Wá Písítìn Ẹ̀rọ Bàbá Sìdí Kiri

Ẹ̀rọ ìgégi ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, ohun tó sì ń pa mí lẹ́kún nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé orí mi ti dàrú. Ẹ̀yìnkùlé mi ní Kọ́bapẹ́ ni mo jókòó sí, èmi nìkan, ẹ̀rọ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, a ti nù ún, ó ń dán. Ẹni tó bá fa okùn rẹ̀, kíá ló máa dáhùn. Èmi ni mo fẹsẹ̀ ara mi rìn kiri títí tó fi yá, ó sì ń ṣe mí bíi pé èmi náà ni mo tún sin ọkọ mi lẹ́ẹ̀kejì. Mi ò rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún nílé yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ fún yín.

Ọmọ aláṣọ ni mí ní Aké. Nílé wa, ọjà là ń jókòó tì, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kí n fẹ́ agégi. Nígbà tí mo tẹ̀lé Bàbá Sìdí wá sí Kọ́bapẹ́, àwọn ẹ̀gbọ́n mi yínmú, àmọ́ mi ò kábàámọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Àwọn agégi ní àṣà kan lọ́dọ̀ wa níbí. Tí wọ́n bá ti inú igbó dé ẹnu ọ̀nà oko nírọ̀lẹ́, wọ́n á fa ẹ̀rọ, wọ́n á jẹ́ kó ké díẹ̀, kí àwọn ará ilé lè mọ̀ pé igi ò wó lu ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ tiwọn a máa dún geere. Ti ọkọ mi nìkan ló máa ń ní kọ́kọ́kọ́ kan nísàlẹ̀ ohùn rẹ̀, bí ẹni tó ń fi ìka kan ilẹ̀kùn. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, màá gbé omi ẹ̀bà kaná, kí omi náà sì tó hó, á ti dé. Á ní, "Ìyá Sìdí, mo dé o." Èmi á ní, "Mo ti mọ̀."

Igi kọ́ ló pa á. Àìsàn ni, kò sì pẹ́ rárá. Àwọn èèyàn wá, wọ́n ṣe àdúrà, wọ́n lọ. Mo ṣe opó mi tán. Sìdí ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Èkó, ó ń pè mí, àmọ́ inú ọkọ̀ ló ti máa ń pè, kì í sì í pẹ́ lórí fóònù. Ìrọ̀lẹ́ ló burú jù. Ẹ̀rọ àwọn tó kù á ké lẹ́nu ọ̀nà oko, àwọn ìyàwó wọn á dìde, èmi á jókòó síbi tí mo wà. Báwo ni èèyàn ṣe ń mọ ìgbà tó yẹ kó gbé omi kaná fún ara rẹ̀ nìkan? Bó ṣe di pé mo ń fi búrẹ́dì sùn nìyẹn. Mo wá ń rò ó lọ́kàn mi pé tí mo bá lè gbọ́ ohùn ẹ̀rọ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i nírọ̀lẹ́, ara á tù mí.

Mo fà á jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo fa okùn rẹ̀, okùn náà kàn ń yọ̀ wá lásán, ẹ̀rọ ò dáhùn. Mo pe Wàsíù, mẹkáníìkì tó ń tún ẹ̀rọ àwọn agégi ṣe. Ó tú u, ó yọ písítìn jáde, irin róbótó bí ife kékeré tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ̀rọ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti họ yánnayànna. "Màmá, písítìn yìí ti kú," ló wí. "Ẹ̀rọ yín ti dàgbà, wọn ò ṣe irú ẹ̀ mọ́. Tẹ́ ẹ bá rí òmíì, màá bá yín tò ó." Ó kìlọ̀ fún mi pé kì í ṣe èyíkéyìí: fífẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá tàtijọ́ mu, ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ bára mu. Mo ya lára gèlè mi kan, mo fi wé písítìn náà, mo tì í sínú báàgì, mo gbéra.

Mo kọ́kọ́ lọ sí Aké. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wò ó lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ṣé nítorí irin yìí lo ṣe rántí ilé?" Mo wé e padà, mo jáde lọ sọ́jà. Àwọn tó ń ta páàtì ẹ̀rọ ní kí n lọ ra ẹ̀rọ tuntun. Ọ̀kan nínú wọn ta písítìn kan fún mi, mo gbé e délé tayọ̀tayọ̀, Wàsíù bá kó méjèèjì sílẹ̀, ó fi hàn mí pé ihò ti tuntun náà ti lọ sísàlẹ̀ jù, pé yóò máa forí sọ òkè, á sì fọ́ gbogbo rẹ̀. Mo dá a padà. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún yín: kò rẹ̀ mí. Láwọn ọjọ́ yẹn, mo níbi tí mò ń lọ láàárọ̀. Àwọn èèyàn ń kí mi, wọ́n ń fún mi níjòkòó. Níbi tí mo ti rí i nígbẹ̀yìn, ní Ìtorí, bàbá àgbà kan ló tú páálí irin àtijọ́ fún mi títí, ó to písítìn méjèèjì pọ̀, ó ní wọ́n bára mu. Ó béèrè pé ta ló ni ẹ̀rọ. Mo ní, "Ọkọ mi ni, òun ló rán mi." Ó ní, "Ẹ bá mi kí i. Ẹni tó ṣì ń lo irú ẹ̀rọ yìí, ọkùnrin ni." Mo ní yóò gbọ́. Gbogbo ọ̀nà ni inú mi fi ń dùn nínú ọkọ̀, bíi pé lóòótọ́ ni mò ń jíṣẹ́ lọ sílé.

Mo ní kí Wàsíù dúró di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó tò ó tán. Mo ní kó gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà oko, kó fà á níbẹ̀. Kó tó débẹ̀, mo ti gbé omi kaná, ọwọ́ mi ti bu ti èèyàn méjì kí n tó mọ̀. Mo jókòó sí àyè mi. Ẹ̀rọ náà ké. Ó dún geere, bíi ti gbogbo wọn. Mo ń retí kọ́kọ́kọ́ yẹn, mo ń retí rẹ̀ títí ó fi pa á. Wàsíù padà wá tẹ̀ríntẹ̀rín. Mo bi í pé ohùn kejì dà? Ó ní, "Písítìn tó ti jẹ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, Màmá. Àyè ti gbà á jù, ló ṣe ń gbá ẹ̀gbẹ́. Àìsàn ẹ̀rọ nìyẹn, a ti wò ó sàn." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Omi orí iná gbẹ, mi ò ro ẹ̀bà kankan.

Písítìn àtijọ́ ṣì wà nínú gèlè mi. Wàsíù ní tí òun bá da òróró sínú ẹ̀rọ, tí òun sì dá a padà, ẹ̀rọ lè ké díẹ̀ o, àmọ́ yóò kú, kò sì ní ṣeé tún ṣe mọ́ láéláé. Sìdí ní kí n ta ẹ̀rọ náà, agégi kan ládùúgbò wa sì ti ní òun fẹ́ ẹ. Ẹ̀yin tí ọkọ yín ṣì ń wọlé nírọ̀lẹ́, ohunkóhun tó bá ń dún lára ẹrù rẹ̀, ì báà jẹ́ bàtà, ì báà jẹ́ ọ̀kadà, ẹ fi fóònù gbà á sílẹ̀ kó tó di pé ẹnì kan bá yín tún un ṣe. Ẹ wá gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n dá tàtijọ́ padà, kí n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó sì bàjẹ́ pátápátá? Àbí kí n tà á, kó máa ké lẹ́nu ọ̀nà oko nírọ̀lẹ́ láàárín àwọn tó kù, kí n má mọ èwo ni?