Eyín Irin Orí Òrùlé

Nígbà tí ẹ̀yìn mi ṣì nà, ẹ gbọ́, èmi ni mo ń fọn fèrè ní ìjọ Kérúbù wa ní Erunmu. Aṣọ funfun, ẹsẹ̀ lásán, fèrè onídẹ lẹ́nu… Ta ló ń fọn fèrè bẹ́ẹ̀ lónìí? Ẹ̀rọ ni ẹ̀yin ń tẹ̀.

Ìyá mi a máa sọ pé, "Ìwọ lo máa fọn fèrè sin mí. Bí mo bá gbọ́ ti ẹlòmíràn, màá dìde nínú pósí." A ó rẹ́rìn-ín.

Kẹ̀kẹ́ ló gbé mi ṣubú ní Adégbayì, eyín iwájú kan bá a lọ. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà lókè òkun ló mú mi lọ sọ́hùn-ún, síbi tí wọ́n ti gbin irin sínú eegun ẹnu mi, tí wọ́n de eyín mọ́ ọn. Ó dára fún ọdún mélòó kan. Nígbà tó yá, ó ń mì, ó ń ṣọyún.

Dókítà eyín kan n'Ìbàdàn, obìnrin ni, ló yọ ọ́. Eegun díẹ̀ bá a jáde. Ó fi òwú wé irin náà fún mi. "Ẹ tọ́jú ẹ̀, sà. Tí ihò inú eegun bá ti dí, ẹ mú irin yìí bọ̀, òun ni n ó fi mọ ìwọ̀n tuntun. Ẹ má tíì fọn fèrè o."

Mo délé, ìyá mi gbà á lọ́wọ́ mi. "Orí òrùlé là ń ju eyín tó bá yọ sí, kí tuntun lè tètè hù." Àìsàn ti mú un nígbà yẹn. Ó kó òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ ọn, ó jù ú… mo gbọ́ ọ lórí páànù. Ó wá ń wò mí bí ọmọ ọdún mẹ́fà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé dókítà fẹ́ ẹ padà? N ò sọ. Mo yọ́ gun àkàbà lọ́jọ́ kejì, n ò rí i.

Dókítà ní, "Irin dà?" Mo ṣàlàyé. Ó rẹ́rìn-ín, ó wá mí kanlẹ̀. "Àfi ká tún ìwọ̀n bẹ̀rẹ̀, sà." Fọ́tò eegun, lẹ́tà sókè òkun sí àwọn tó gbin ti àkọ́kọ́, oṣù ń gorí oṣù…

Inú oṣù wọ̀nyẹn ni ìyá mi kú. Fèrè wà lọ́wọ́ mi létí sàréè, àlàfo wà lẹ́nu mi. Ará Akanran kan ló fọn ún. Mo ń wo pósí yẹn. Kò dìde. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí.

Eyín tuntun padà dúró, òun nìyí lẹ́nu mi. Lọ́dún tí a pààrọ̀ páànù ilé, páànù ti dípẹtà tán, irin kékeré yẹn já bọ́ níwájú mi, ó ń dán. Òun rèé… ẹ gbà á wò. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa sọ ọ̀rọ̀ fún ìyá yín nígbà tó ṣì ń gbọ́. Èmi ń fọn fèrè fún un láràárọ̀ báyìí, ta ló ń gbọ́?