Èmi Ni Mo Ní Kí Bàbá Adégòkè Gbé Agolo Ńlá

Alága wa, Alájì Saheed, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ fi ọ̀sán Sátidé yín sílẹ̀ nítorí tèmi, ẹ kú ìjókòó. Kóòṣì Dáramọ́lá, tí ẹ ni ilé eré ìdárayá yìí, mo dọ̀bálẹ̀. Màmá Veronica, aládùúgbò wa, ẹ kú ìfaradà mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi Warith ọmọ Angwan Rogo wá kí yín pé ó dìgbà.

Lọ́la ni mò ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ kọ́ iṣẹ́ rìwáyà mọ́tò. Ilé-ìwé sú mi ní JSS mẹ́ta. Ibí ni mo ti kọ́ ìyókù. Ta ló sọ fún wa pé ẹ̀gbẹ́ ikùn ní iṣan tirẹ̀, tó ń mú ara dúró bí ẹrù bá wà léjìká kan? Ta ló po sìmẹ́ńtì sínú agolo mílíìkì, tó ri irin mọ́ ọn láti fi ṣe ọwọ́? Kóòṣì ni. Wọ́n ní ká kọjú sí ògiri tímọ́tímọ́, kí àyà má baà tẹ̀ síwájú. Ká gbé agolo lọ́wọ́ kan, ká rọra tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ká padà dìde, méjìlá lọ́tùn-ún, méjìlá lósì. "A hankali," ni wọ́n máa ń wí, jẹ́jẹ́ ni. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Màmá Veronica, èmi ni mo máa ń fi ohùn ọkọ yín pè yín láti ẹnu géètì, tí ẹ ó fi ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí iná. Ẹ dárí jì mí. Ìyẹn ṣeé rín. Èyí tó kàn kò ṣeé rín.

Ẹ mọ Bàbá Adégòkè, tí wọ́n ń ta pòtétò. Ogún ọdún tí wọ́n fi ń gbé àpò pòtétò tó ń ti oko Vom wá sí èjìká ọ̀tún ti jẹ́ kí ara wọn wọ́ sápá kan. Oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ Kóòṣì, pẹ̀lú agolo kékeré, wọ́n ti ń dúró gbọọrọ. Lọ́jọ́ kan Kóòṣì jáde lọ pọnmi. Bàbá kọjú sí ògiri. Mo dúró lẹ́yìn wọn, mo fi ohùn Kóòṣì wí pé, "Bàbá, ẹ ti kọjá kékeré. Ẹ gbé ńlá." Wọ́n ní ó dáa, wọ́n sì gbé e láìwẹ̀yìn. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n di ẹ̀gbẹ́ mú. Mo ti rẹ́rìn-ín kí n tó mọ̀ pé ìrora ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọn ò fi lè gbé àpò. Àdúgbò ní Kóòṣì ò mọṣẹ́. Èèyàn méjìlá kúrò níbí. Kóòṣì fúnra wọn ń bi ara wọn bóyá àwọn ló sọ ọ́ tí àwọn gbàgbé. Mo gbọ́, mo dákẹ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, Kóòṣì ò sọ ọ́. Èmi ni. Lánàá ni mo jẹ́wọ́ fún wọn. Wọn ò nà mí. Wọ́n mú mi lọ sílé Bàbá. Bàbá ní, "Èmi ti dárí jì ọ́. Àmọ́ ẹnu tó ba Kóòṣì jẹ́ ni yóò tún un ṣe, lójú gbogbo ayé." Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kúrò, mo bẹ̀ yín, ẹ padà lọ́jọ́ Ajé. Bàbá ní àwọn ni yóò kọ́kọ́ dé. Ẹrù yín ò ní tẹ̀ yín. Ẹ̀gbẹ́ yín ò ní dùn yín. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún jìyà ọ̀rọ̀ tí èmi sọ. Ẹ ṣé o, ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́ ohùn èmi fúnra mi.