Àwọn Ìbejì Inú Àpótí Kan

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹ̀rí tí mo fẹ́ jẹ́ yìí kì í ṣe ẹ̀rí ayọ̀.

Èmi ni mò ń kọ orúkọ ní ilé ìgbẹ̀bí ìjọ wa. Nígbà tí a ra kọ̀ǹpútà, èmi ni mo kó ìwé àtijọ́ sínú rẹ̀. Ìyá kan, ìlà kan. Orúkọ gbogbo ọmọ rẹ̀, mo kó wọn sínú àpótí kan lórí ìlà náà, mo fi kọ́mà sáàárín wọn. Oògùn tí ara ọmọ kọ̀ọ̀kan kò gbà, mo kó ìyẹn náà sínú àpótí kejì. Màmá Nọ́ọ̀sì ní kí n tú wọn: ojú ìwé kan fún àwọn ìyá, òmíràn fún àwọn ọmọ, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀ àti oògùn tirẹ̀, kí nọ́ńbà ìyá so wọ́n pọ̀. Wọ́n ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Mà, ọ̀kan náà ni." Ọ̀lẹ ló ń ṣe mí.

Lánàá, lẹ́yìn àdúrà ààwẹ̀ ọ̀sán, mo fara lélẹ̀ lórí ẹní nínú ilé ìjọsìn yìí, oorun gbé mi lọ. Ọkùnrin aláṣọ funfun kan di ọwọ́ mi mú. A kọjá níbi tí àwọn òpùrọ́ ti ń jẹ ahọ́n ara wọn, tí àwọn aninilára ń ru òkúta tí wọ́n dì fún ẹlòmíràn. Mo fẹ́ dúró wò wọ́n. Ó ní, "Tìrẹ ṣì wà níwájú."

Yàrá kékeré kan ni. Orúkọ ìyá kan ṣoṣo ló wà lára ilẹ̀kùn, àmọ́ èrò inú rẹ̀ kò lóǹkà. Ohùn kan ń pe ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, gbogbo wọn ń jẹ́ ẹ, wọ́n da omi sẹ́nu ẹni tó ń rì, wọ́n da iná sára ẹni tó ń jóná, wọ́n ń ké pé èmi kọ́, tèmi kọ́, ohùn náà tún ń pè, mo di etí mi, mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Mo ní, "Àwọn wo nìwọ̀nyí?"

"Àwọn tó kọ orúkọ ẹlòmíràn, tí wọn ò fún un ní àyè tirẹ̀."

Ìbejì kan jáde sí mi, ojú kan náà. Mo mọ̀ wọ́n. Ọmọ Ìyá Ìbejì tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa ni. Ọkùnrin náà bi mí pé, "Èwo nínú wọn ni pẹnisílínì lè pa?" Mi ò mọ̀. Àwọn ọmọ náà ń wò mí, mo sì ń sunkún.

Ó wá mú mi dé ilé gbọọrọ kan tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Ọmọ kọ̀ọ̀kan sùn sórí ẹní tirẹ̀, nọ́ńbà ìyá rẹ̀ wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, kò sí ẹni tó sọnù. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n dúró.

"Ta ni yóò tú àwọn tí o dì? Kẹ́hìndé wà níwájú abẹ́rẹ́ báyìí."

Mo jí. Mi ò wọ bàtà tí mo fi sáré dé ilé ìgbẹ̀bí. Màmá Nọ́ọ̀sì ti fa pẹnisílínì sínú abẹ́rẹ́ nítorí ọ̀fun tó ń dun Kẹ́hìndé. Mo di ọwọ́ wọn mú.

Wọ́n ní, "Kí ló dé? Ohun tí o kọ nìyí. Táíwò ló ṣáájú nínú orúkọ, pẹnisílínì ló ṣáájú nínú oògùn. Táíwò ni kò gbọ́dọ̀ gbà á."

Mo yíjú sí Ìyá Ìbejì tó jókòó ti Kẹ́hìndé. Wọ́n ní,

"Táíwò ló kọ́kọ́ wáyé, òun ni mo fi ṣáájú nígbà tí ẹ bi mí lórúkọ. Nígbà tó kan ti oògùn, orí ẹ̀gbọ́n ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé Kẹ́hìndé kọ́ lẹ̀gbọ́n ni?"

Màmá Nọ́ọ̀sì gbé abẹ́rẹ́ náà sílẹ̀.

Ẹ̀yin ará, láti àná ni mo ti ń tú wọn, ọmọ kan, ìlà kan. Mi ò tíì dé ìdajì. Ìyá yòówù tó bá bímọ sílé ìgbẹ̀bí wa, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n gún ọmọ yín lábẹ́rẹ́ nítorí ohun tí mo kọ. Ẹ kọ́kọ́ wá fẹnu ara yín sọ oògùn tí ara ọmọ kọ̀ọ̀kan kò gbà fún mi.